Ọ̀pá Tí Kò Mọ Ọ̀tún Yàtọ̀ sí Òsì

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó ń wá kí mi ń bi mí: báwo ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe rí? Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ààfin ọba àti aago ńlá. N kò rí ààfin, n kò sì gbọ́ aago. Ibi tí mo lọ jìnnà sí wọn. Woolwich ni, àti Thamesmead tó sún mọ́ ọn, níbi tí odò Thames ti ń fẹ̀, tí ó ń lọ sí òkun jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ti mọ ọ̀nà. Bí mo bá di ojú mi báyìí, omi ni mo kọ́kọ́ ń rí. Lẹ́yìn omi, kùrukùru. Lẹ́yìn kùrukùru, ọ̀rẹ́ mi Músílíù lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ó ń wo ìta bí ẹni tí wọ́n ní kí ó dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe lọ. Èmi àti Músílíù jọ wà ní yunifásítì nígbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Èmi kọ́ nípa ìtàn, òun kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n orí pápá họ́kì ni a ti di ọ̀rẹ́. Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, họ́kì ni eré tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré líle kan lórí koríko. Ọ̀pá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ni a fi ń gbá a. Músílíù ni olórí ẹgbẹ́ wa, Balógun ni a sì ń pè é. Títí di òní, Balógun ni mo ń pè é.

Ó ti pẹ́ tí ó ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ó ti bímọ, ibẹ̀ ni ó ti sin ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní apá ọ̀tún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sìdíkátù, ni ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá. Bóyá tiyín ni Dádì máa gbọ́." Kò sọ ohun tí Dádì kò gbọ́ fún mi, èmi náà kò sì bi í. Ní ọjọ́ orí wa yìí, bí wọ́n bá ní kí o wá rí ọ̀rẹ́ rẹ, o kì í béèrè ìdí.

*

Létí adágún

Ilé wọn wà lókè nínú ilé alájà púpọ̀ kan létí adágún tí wọ́n ń pè ní Southmere. Apá kan àdúgbò náà jẹ́ ilé kọnkéré àtijọ́ tí òjò ti sọ di aláwọ̀ eérú. Apá kejì jẹ́ ilé tuntun tí bíríkì rẹ̀ ṣì pọ́n. Láàárín méjèèjì, ilẹ̀ tí wọ́n ti wó ilé kúrò lórí rẹ̀ ṣófo bí àlàfo eyín.

Òwúrọ̀ ni mo dé, ní àkókò tí ewé igi wọn ń já. Kùrukùru bo adágún náà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń yọ jáde láti inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún ń wọnú rẹ̀ lọ láìdún. Lórí koríko níwájú, mo rí ẹṣin kan. Mo rò pé ojú ló ń tàn mí jẹ. Ẹṣin ni lóòótọ́. Wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀, ó ń jẹko nídìí ilé gogoro bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí àwọn ilé náà tó dé, kò sì sí ẹni tó ń yíjú wò ó. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, n kò rí ẹni tó lè sọ ẹni tó ni ín fún mi. Nígbà mìíràn tí mo bá jí lójú oorun nílé níbí, mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá mo lá àlá rẹ̀ ni.

Balógun ti rù. Fìlà orí rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Mo rìn lọ bá a, mo na ọwọ́ sí i, ẹ̀rín ti gba gbogbo ẹnu mi. Kò na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ tí ó fi bo itan. Ó mi orí, ó ní, "Kúnlé, káàbọ̀. O ti darúgbó."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé èwe lo ṣì jẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò jáde. Mo fa tèmi sẹ́yìn, mo fi nu ojú mi bí ẹni tí nǹkan kó sí lójú.

Sìdíkátù gbé oúnjẹ wá. Ìkọ́kọrẹ́ ni, ó fi ewùrà tó rà ní ọjà Woolwich sè é. Mo ti fi Ìjẹ̀bú sílẹ̀, Ìjẹ̀bú sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Balógun ní òun ti jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ní òun ti jẹun. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní ààwẹ̀ ni òun ń gbà. Èmi nìkan ni mo ń jẹun níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa. Ẹni tí ẹ jọ ń ki ọwọ́ bọ abọ́ kan náà nígbà èwe, tí kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mọ́, tí kò sì bá ọ jẹun mọ́, ó ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo ń jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwa méjèèjì ń wo omi, mo sì ń wá inú ara mi kiri. Ṣé nítorí pé n kò lè wá nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ni? Ṣé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni tí èmi ti gbàgbé, tí òun kò gbàgbé? Ọkàn arúgbó dà bí àjà tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Bí o bá wá ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, o kò ní wá a tì.

*

Nínú ilé ìdáná

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Sìdíkátù ń ṣe, ṣíìfù rẹ̀ sì máa ń gùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń múra láti jáde, mo bá a nínú ilé ìdáná, mo rọra bi í pé kí ni mo fi ṣẹ bàbá rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ́ńkù, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún Dádì. Ọwọ́ òsì ni."

Mo ní kò yé mi.

"Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún wọn. Ṣé wọ́n á wá fi òsì bọ̀ yín lọ́wọ́? Wọ́n ní ìwọ̀sí ni. Wọn ò sì lè fi jẹun lójú èèyàn. Táwọn ará mọ́sáláṣí bá wá kí wọn, ohun tí wọ́n máa ń sọ náà nìyẹn: mo ti jẹun. Ọ́ńkù, wọn ò jẹ nǹkan kan o. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo máa ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Tí mi ò bá sí nílé, ó parí nìyẹn."

Ó wá rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ń rán olùtọ́jú kan wá lọ́sàn-án, ọmọbìnrin Èkó kan tó níwà pẹ̀lẹ́. Balógun kò jẹ́ kí ó fún òun lóúnjẹ. Ó ní ọmọ tí òun lè bí ìyá rẹ̀ kò ní máa ki ṣíbí bọ òun lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Àlùfáà mọ́sáláṣí wọn ti wá bá a sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tí kò ní ọ̀tún mọ́, òsì rẹ̀ ni ọ̀tún rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Balógun dá a lóhùn pé ọkàn òun ti gbọ́, ọwọ́ òun ni kò tíì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rù sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan, obìnrin, yóò tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti sọ pé bí bàbá kò bá tíì máa jẹun fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án títí di ìgbà náà, àwọn yóò ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó.

"Tí wọ́n bá gbé Dádì lọ síbẹ̀, wọn ò ní pẹ́ láyé," ni Sìdíkátù wí. "Mo mọ irú ibẹ̀, Ọ́ńkù. Irú ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé orí sítóòfù tó ti tutù. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ inú mi dùn lọ́nà kan tí n kò lè ṣàlàyé. Ọ̀rẹ́ mi kò bínú sí mi. Ohun tí mo pè ní ìkóríra, ọ̀wọ̀ ni. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi débi pé ebi fẹ́ pa á. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, wọ́n sì kọ́ wa yé jù.

*

Woolwich

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich kí orí mi lè fẹ́rẹ̀. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Belmarsh, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó gùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lópin. A kọjá lára àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, síbẹ̀ orin ń jáde láti inú ọ̀kan nínú wọn, orin tí ìyá mi àgbà mọ̀. Ó bá bọ́ọ̀sì wa lọ díẹ̀, ó sì padà lẹ́yìn wa.

Ní ti ìwà àwọn ènìyàn ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo tẹ ọkùnrin òyìnbó kan lẹ́sẹ̀. Òun ni ó bẹ̀ mí. Mo bẹ̀ ẹ́ padà, ó tún bẹ̀ mí, a sì pínyà bí ẹni tó jẹ ara wọn ní gbèsè. Nínú ọjà, mo ń gbọ́ Yorùbá kí n tó rí ẹni tó ń sọ ọ́. Àwọn obìnrin ń ná ata rodo. Ẹnì kan ń sọ lórí fóònù pé òun ti délé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ ni ó ṣì ń ná lọ́wọ́. Mo ń gbàgbé pé àlejò ni mí, àfi bí afẹ́fẹ́ bá dìde láti orí odò, tí ó gba abẹ́ agbádá mi wọlé, tí ó sì bi mí ní ohun tí mo wá ṣe.

Mo sá fún afẹ́fẹ́ náà wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù, láti fi owó rẹ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn. Ní igun kan, láàárín àwọn agbòòrùn tó ti ṣá, mo rí ọ̀pá kan. Ó gùn dé àyà mi. Ó ní ìhà mẹ́rin, wọ́n fá etí rẹ̀ kí ó má ba à gún ènìyàn lọ́wọ́. Ó fúyẹ́, ó sì dán. Mo gbé e, kò sì ṣe mí bí ohun àjèjì.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tajà jẹ́ ọmọ wa. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó rí mi, kí ó tó rántí ibi tí ó wà. "Dádì, ṣé o fẹ́ ra ìyẹn?" ni ó wí. Wọ́n ti bí i sí ibi tí kò sí ẹ̀yin àti ìwọ, mo sì dárí jì í. "Ọ̀pá họ́kì ni o."

Mo ní kò lè jẹ́ họ́kì, nítorí pé kò ní ẹsẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní ti orí yìnyín ni, àwọn tó ń gbá a máa ń wọ bàtà onírin. Ó ní wọ́n ń ta igi rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, bí ẹsẹ̀ bá kán, wọn á fi òmíràn sí i. Mo bi í bóyá ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni tàbí ti ọlọ́wọ́ òsì. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Nígbà tiwa, ojú kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ ọ̀pá họ́kì ní, ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbungbun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe fún gbígbá láti apá ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì tó bá fẹ́ ṣeré, yóò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ó tún wo fóònù. "Wọ́n ní èyí tí igi àti ẹsẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, ó máa ń jẹ́ ti ọwọ́ kan. Nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n igi nìkan, kò ní ọ̀tún, kò ní òsì." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i po. "Wò ó. Kò sí ojú, kò sí ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni lè lò ó."

Mo rà á. Mo gbé e lọ sí etí odò, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń gbé ènìyàn àti mọ́tò kọjá sí òdìkejì. Mo fi ara tì í, mo ń wo ọkọ̀ náà bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Omi ibẹ̀ ní àwọ̀ tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí. Ó pẹ́ tí mo fi dúró, títí tí n kò fi rí omi mọ́. Pápá wa ni mo ń rí, ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku pupa ń dìde lẹ́yìn ẹsẹ̀ wa, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn ilé ìkàwé, tí Balógun ń sáré bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Mélòó ló kù nínú wa? Àwọn tó kú nínú wa ṣì ń sáré níbẹ̀, wọn kò tíì dàgbà.

*

Àríyànjiyàn

Bí mo ti wọlé, ojú Balógun bọ́ sára ọ̀pá náà.

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀pá họ́kì."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ẹsẹ̀."

"Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ní màálù tí kò lórí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwọ ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó tà á."

Mo ṣàlàyé ti yìnyín fún un. Ó ní kí ni koríko ṣe fún wọn tí wọ́n fi ń lọ ṣeré lórí omi dídì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára igi náà, ojú ẹlẹ́rọ ni, ó ń wọ̀n ọ́n. Ó wá béèrè ohun tí èmi náà béèrè: ti ọ̀tún ni àbí ti òsì? Láti ìgbà tí mo ti dé, òní ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè.

Mo ní kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ó ní irọ́ ni, gbogbo ọ̀pá họ́kì tí òun fọwọ́ kàn láyé òun, ti ọ̀tún ni. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wí. Igi ńkọ́? Igi àwọn ọ̀pá wa àtijọ́, bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ta ni yóò mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn?

Ó ń rò ó.

"Gbé e wá," ni ó wí.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde láti abẹ́ aṣọ, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Mo dúró bí ẹni tí ẹyẹ bà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di orí ọ̀pá náà mú, ó fi ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ níwájú àga, ó sì yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pá náà yí sínú, ó yí sóde, ó tún yí sínú, ó yá, ó sì rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ gba àárín ọmọkùnrin méjì kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀, kò bá wọn dá sí i.

Ó dáwọ́ dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kúnlé, ọwọ́ wo ni a fi ń di orí ọ̀pá mú?"

"Òsì."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ó kàn ń bá a tì í ni."

"Òsì ló ń yí i," ni ó wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri tó jìnnà. "Kí ni kóòṣì máa ń wí?"

Mo rántí. Ohùn ọkùnrin náà padà wá sí mi láti orí pápá. "Ó ní òsì ni dẹ́rẹ́bà, ọ̀tún ni kọ̀ndọ́kítọ̀."

Balógun wo ọ̀tún rẹ̀, ó wo òsì rẹ̀, ó tún wo mí.

"Kọ̀ndọ́kítọ̀ ló kú," ni ó wí.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé oúnjẹ wá, ọwọ́ náà ti padà sábẹ́ aṣọ. Ó ní òun ti jẹun.

*

Ọkùnrin alájá

Ní òwúrọ̀ kejì, mo wá rọ́bà kan sí ìdí ọ̀pá náà kí ó má ba à yọ̀. Balógun, tó ti kọ ọ̀pá ìrìn tí wọ́n fún un ní ọsibítù nítorí pé ti arúgbó ni, kò kọ èyí. Ó fi òsì dì í mú, èmi wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, a rọra lọ sí etí adágún, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kùrukùru ṣì wà. Ohùn àwọn ọmọdé ń dé ọ̀dọ̀ wa láti òdìkejì omi láìsí àwọn ọmọ náà.

Ọkùnrin òyìnbó àgbàlagbà kan dé pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó bá wa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, bí àṣà wọn, ó ní òun ti ń rí Balógun lójú fèrèsé, inú òun sì dùn pé ó jáde. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ó rí i pé ọ̀tún Balógun kò mì. Láìdúró, láìbẹ̀bẹ̀, ó fa ọ̀tún tirẹ̀ padà, ó sì na òsì. Balógun wo ọwọ́ náà. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ tì mí lára, ó bọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà àti ajá rẹ̀ sì wọnú kùrukùru lọ.

Balógun gba ọ̀pá rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi.

"Ó fi òsì bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Mo rí i."

"Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun bú mi."

"Kò bú ọ, Balógun."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn." Ó fi ọ̀pá náà yẹ ewé tó bọ́ sílẹ̀ kúrò lọ́nà, ọ̀kan, òmíràn. Lẹ́yìn náà ó bi mí láìwò mí: "Bí èmi bá na òsì sí ìwọ, kí ni wàá rò?"

N kò fẹ́ parọ́ fún un, nítorí ẹ̀kọ́ ilé kan náà ni wọ́n fi kọ́ àwa méjèèjì. Mo ní, "Ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ. Lẹ́yìn náà, n ó rò pé ọwọ́ tó kù fún ọ lo fi fún mi."

Pẹ́pẹ́yẹ kan súnmọ́ etí omi, ó wò wá, ó sì yí padà.

*

Abọ́ kan

Ọjọ́ tí obìnrin ìjọba ìbílẹ̀ náà yóò wá ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọ̀sán ni wọ́n dá. Sìdíkátù ti lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun yóò gbàyè wá pàdé rẹ̀ nílé. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀bà tútù sórí tábìlì kékeré níwájú Balógun, abọ́ kan fún àwa méjèèjì, bí a ti ń ṣe ní yàrá wa nígbà tí a kò ní abọ́ kejì. Kí ó tó sọ pé òun ti jẹun, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sẹ́yìn, mo sì ki òsì bọ ẹ̀bà.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń jẹun."

"Òsì nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, n kò sì tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni pé ìyá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà. Òkèlè náà kò sì gbọ́ tèmi, ó já bọ́ sínú ìkọ́kọrẹ́, epo ta sí mi ní irùngbọ̀n. Mo bu òmíràn, ó bọ́ sí ilẹ̀.

Balógun ń wò mí pẹ̀lú ojú tó máa ń fi wò mí bí mo bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé o ò lósì," ni ó wí. "Ìdí tí mo fi máa ń fi ọ́ sẹ́yìn lórí pápá nìyẹn."

"Nígbà náà, kọ́ mi."

Mo tún bu òkèlè, mo dì í mú bí ẹni tó mú adìyẹ tó ń jà. Ó pòṣé. "O ń fún un lọ́rùn. Tú ìka rẹ sílẹ̀. Yí ọrùn ọwọ́, má yí apá." Ó ní, "Wò ó." Ó ní Bisimilláhì, òsì rẹ̀ jáde, ó gé òkèlè, ó yí i roboto, ó kì í bọ ìkọ́kọrẹ́, ó sì gbé e sẹ́nu.

N kò wò ó. Fèrèsé ni mo ń wò. Mo gbọ́ bí ó ti gbé e mì. Mo gbọ́ nígbà tí ó tún gé òmíràn. Ó jẹun bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ó sì ń bá mi wí lọ láàárín òkèlè, pé n kò kọ́ ohunkóhun, pé bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sìdíkátù ni, pẹ̀lú obìnrin òyìnbó kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Ọwọ́ Balógun dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Epo wà ní ìka rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Aṣọ tí ó fi ń bo ọwọ́ náà wà lórí itan rẹ̀, kò jìnnà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ lọ sí aṣọ náà. Ṣùgbọ́n àlejò ti bá wa lórí oúnjẹ, ẹ sì mọ ohun tí ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ wí, ibi yòówù kí ó wà, ọwọ́ yòówù kí ó fi ń jẹun. Ó gbé òkèlè náà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí fún obìnrin náà ní èdè rẹ̀. "Ẹ bá ire. Ẹ wá bá wa jẹun."

Obìnrin náà wo abọ́, ó wo ọwọ́ Balógun, ó wo irùngbọ̀n mi. Ó bọ́ báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó. Ó ní ọ̀sán ti ń lọ, òun kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó ní bí bàbá bá ń jẹun báyìí, òun kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbé e kúrò nílé rẹ̀. Ó wá béèrè ibi tí òun ti lè fọ ọwọ́.

Balógun ní kí ó jókòó, pé wọn yóò bu omi wá fún un. Sìdíkátù yára yí ẹ̀yìn sí wa, ó sì lọ sí ilé ìdáná. A gbọ́ nígbà tí ó ṣí ẹ̀rọ omi. Omi náà ń ṣàn, ó ń ṣàn, ó pẹ́ gan-an ju omi tí ó lè kún abọ́ kan lọ, kò sì sí ẹni tó pè é nínú wa.